Aago tí kì í dún

Ẹnu ṣì ń yà mí bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Oríṣi aago ọwọ́ méjì tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ ni mo ń tà ní ìlú Tchaourou. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ó ń ka ìgbésẹ̀, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kò sẹ́ni tó ń rà á. Èkejì kì í dún rárá, ó kàn ń gbọ̀n lọ́wọ́ ni. Òun làwọn ará abúlé Bétérou ń rà tán, n kò sì mọ ìdí ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, tonton kan, bàbá àgbàlagbà, gun ọ̀kadà zémidjan dé láti Bétérou, ó ní èyí tó ń gbọ̀n lòun fẹ́.

Mo ní, "Tonton, aago tí kì í dún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ẹnu mi ló ń wò.

Ó ní, "Ọmọ mi, etí mi ti di. Ìyàwó mi ló máa ń gbọ̀n mí jí fún ìrun àsùbáà. Ó ti kú. Àwọn àgbà tí etí wọn di bíi tèmi ní mọ́sálásí wa ló ní kí n wá ọ wá."

Mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, mo jẹ́ kó gbọ̀n.

Ó ní, "Bí ìyàwó mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Aago tí mo ń pè ní aláìpé torí pé kì í dún nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ṣé ẹ mọ ohun táwọn èèyàn ń fi ọjà yín ṣe?