Ìdọ̀bálẹ̀ Oyèkúnlé

"Màmá, ṣé bàbá mọ̀ yín?"

Zubaidah ló béèrè bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tí àjọ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ rán wá sí Ẹ̀rúnmu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló béèrè é, kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Dorothy wo ilẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, owó tí ì bá fi máa tọ́jú ọkọ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá ní rárá, ó ti sọ ẹ̀rí tó jẹ́ níwájú pẹpẹ di irọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Olódò ni Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo há sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gun àkàbà láti tú u, àkàbà yẹ̀, ó forí sọlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Nígbà tí ọsibítù dá a sílẹ̀, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń kí èèyàn. Dókítà ní ọpọlọ ló farapa, àmọ́ ta ló ń rí ọpọlọ?

Ohun tí Dorothy ń rí, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ni Oyèkúnlé ń wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó rò pé Múyì ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú kí òun tó fẹ́ Dorothy. Ọkọ ń fi "ẹ" bá aya sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dorothy sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, á kàn ti ilẹ̀kùn, á ní, "O ò jí ire bí?", á lọ dáná.

Nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù wọn, wọ́n ní kí ènìyàn má fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Kó dúpẹ́ ná, ìwòsàn ń bọ̀ lẹ́yìn. Dorothy fọ sùtánà ọkọ rẹ̀ funfun báláú, ó mú un jáde síwájú, ó ní, "Ọkọ mi ti sàn." Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò máa pọnmi sí ilé àdúrà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí ọjọ́ ikú òun. Elijah, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí níbi iṣẹ́ Oyèkúnlé, wà nínú ìjọ. Tayọ̀tayọ̀ ló fi ròyìn fún ọ̀gá wọn. Ọ̀gá sì kọ̀wé sí àjọ pé ara òṣìṣẹ́ òun ti yá, ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Zubaidah fi wá, tí Elijah sì fọ̀nà hàn án. Dorothy ti wẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ti lọ búbá rẹ̀. A kì í gbé aláìsàn wúruwùru síwájú àlejò.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Oyèkúnlé wí. "Jókòó. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, o ò lè fi nàró pẹ́."

Zubaidah rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fẹ́ràn yẹ̀yẹ́."

"Bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn," ni Elijah wí.

Zubaidah kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi Dorothy ní ìbéèrè yẹn.

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ dá a lóhùn," ni Elijah wí. "Ẹ̀rí yín kò yẹ̀."

Dorothy dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó yí ilé po, kò yára. Ó kan ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Oyèkúnlé fò dìde lórí àga. Ó nà gbalaja sílẹ̀ tòun ti búbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Múyì. Ẹ kú ìrìn. Ìyàwó mi lọ sọ́jà, kò ní í pẹ́ dé."

Dorothy fà á dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀.

"Àǹtí Múyì yìí ńkọ́?" ni Zubaidah bi Elijah.

"Wọ́n ti kú tipẹ́." Elijah kò gbójú sókè.

Zubaidah fa ìlà gba orí ohun tó ti kọ, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Àjọ fọwọ́ sí i. Owó ń wọlé lóṣooṣù báyìí, oògùn kì í sì í tán nílé. Oyèkúnlé ṣì ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀. Dorothy kì í ti ilẹ̀kùn mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Elijah bá a létí kànga ilé àdúrà.

"Ìyá Dọ̀tun, ẹ̀jẹ́ ìwòsàn lẹ jẹ́. Ìwòsàn ò tíì dé, ẹ sì ń pọnmi."

"Tèmi ni mò ń san," ni Dorothy wí, ó ju korobá sí kànga.