Ipa Táyà Lójú Ọ̀nà Àríwá

Obìnrin kan láti yunifásítì wá sí ìlú wa, Kessock, ní North Dakota, lọ́dún tó kọjá. Ó ń wádìí ohun tó ń sọ ọ̀gá àgbà àwọn ilé ìwé ìjọba di ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Gbogbo ènìyàn tọ́ka sí Leland Tvedt, ọ̀gá àgbà tiwa. Wọ́n ní bí yìnyín bá ti bọ́, kó tó di aago márùn-ún ìdájí ni yóò ti fi ọkọ̀ ara rẹ̀ wo gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà, kó tó sọ bóyá kí àwọn ọmọ wá tàbí kí wọ́n jókòó sílé. Leland ń gbọ́, etí rẹ̀ ń gbóná. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ìtara ló ń lé e jáde.

Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Maren ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n nílé ìwé wọn fún ìgbà ìkẹyìn kó tó jáde ilé ìwé girama. Òfin wa ò sì lójú àánú: bí ilé ìwé bá tì nítorí yìnyín, kò séré nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, yìnyín ti bọ́; Leland ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn gbá a létí, ó sì padà sídìí kọfí rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó sọ fún àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé òun ti dé ọ̀nà àríwá, ó ṣeé gbà. Irọ́ funfun báláú! Àgbàlagbà!

Kí aago mẹ́jọ tó lù, bọ́ọ̀sì tí obìnrin awakọ̀ wa, Arlys Brandvold, ń wà ti wà nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àríwá pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá. Ọlọ́run yọ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ Arlys ṣẹ́. Arlys yìí ló gbé Leland fúnra rẹ̀ lọ sílé ìwé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, Leland sì pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ o.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ ilé ìwé jókòó. Wọ́n ní ojú Arlys ti ń ṣú, ọjọ́ orí ti dé, kí wọ́n gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Arlys ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo Leland. Wọ́n bi Leland bí ọ̀nà ṣe rí. Ó wolẹ̀, ó ní ọ̀nà dáa nígbà tí òun gbà á kọjá. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ obìnrin náà nìyẹn.

Leland náà ni wọ́n rán lọ gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì nílé rẹ̀. Arlys bu kọfí fún un, ó jẹ́ kó mu ún tán.

"Leland, nígbà tí mo yà sí ọ̀nà àríwá, yìnyín tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ipa táyà kankan. Èmi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Leland gbé ife sílẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ, mà?"

"Ṣé èmi ló yẹ kó sọ ọ́ ni? Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tí o máa sọ. Mo sì gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà, kò sí yìnyín tó bọ́ tí Leland ò jáde. Ìlú ń yìn ín, ojú ń tì í, kò sì rí ẹnu sọ ọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Nígbà tí obìnrin yunifásítì náà wá bi í pé kí ló ń lé e jáde bẹ́ẹ̀, Leland dìde, ó ní kí wọ́n jọ lọ sílé Ìyáàfin Brandvold, òun ló mọ ìdí rẹ̀. Arlys ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó gbọ́ ìbéèrè náà tán, ó wo ẹ̀rọ tó ń gbohùn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ tó ṣẹ́ níjọ́sí tì í sọ́dọ̀ Leland.

"Ìwọ ni kó o sọ ọ́, ọmọ mi."

Omi lé ròrò sójú Leland. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra.

"Mi ò dé ọ̀nà àríwá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."