Ìka Mẹ́wàá Lábẹ́ Tábìlì

Ẹni tó bá ń wá Dókítà Fọlákẹ́ Ọdẹkúnlé ní Ìlaròó, kó má béèrè Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Èdè lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Kó sọ pé ilé akólòlò lòun ń lọ. Ọlọ́kadà á gbé e gba iwájú yunifásítì tí ìjọ dá sílẹ̀, á yà sẹ́yìn ilé ìkàwé, á ní ibẹ̀ nìyí. Yàrá mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn máa ń rùn bí oúnjẹ adìẹ nígbà òjò, torí oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Inú èyí tó ń rùn yẹn ni ọ́fíìsì Dókítà. Òun ló mú un fúnra rẹ̀, kí àwọn aláìsàn lè lo èyí tó dára. Òun ni olórí ẹ̀ka náà. Nínú olùkọ́ méje tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà, mẹ́ta ló kù. Àwọn yòókù ti lọ sí Káńádà, wọ́n ń kọ́ ọmọ òyìnbó bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Lukman, tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta náà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti yí, ọmọ Yewa ló ń tún ahọ́n òyìnbó ṣe. Tẹ́lẹ̀, Dókítà máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Báyìí, á kàn ní, "O ṣeun, Lukman," bí ẹni pé ó bá òun gbé àpò.

Gideon ọkọ rẹ̀ kú ní oṣù kejì ọdún. Ó jókòó láti wọ bàtà, kò dìde mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, Dókítà padà sẹ́nu iṣẹ́, torí fọ́ọ̀mù kan wà tó gbọ́dọ̀ dé Àbújá. Ó kọ ọ́. Kò ṣì í kọ. Ojú rẹ̀ kò pọ́n. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ó ń dáhùn pé a dúpẹ́, àmín, a dúpẹ́. Nígbà mìíràn, á ti dáhùn kí wọ́n tó kí i tán.

Mọ́tò Gideon ló ń wà. Gideon ga, ó ti ti ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn pátápátá. Dókítà kò fà á síwájú. Orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ bíréèkì, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá.

Òfin kan ló gbé iwájú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n kò rọrùn nílẹ̀ yìí. Kí akólòlò kan tó sọ "mo" lẹ́ẹ̀mẹta, èèyàn mẹ́rin á ti bá a parí rẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n á sì rò pé àánú làwọn ṣe. Nítorí náà, Dókítà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì, kí wọ́n máa ká ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí yóò fi pé mẹ́wàá, kí wọ́n tó la ẹnu. Àwọn mìíràn kì í lè dé mẹ́rin. Òun kò kùnà rí.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ Bàbá Tíṣà.

Bàbá Oyèkúnlé lorúkọ rẹ̀, ará Ilobi ni, ó sì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ Fọlákẹ́ ní A, B, D. Òun ló lọ bá bàbá Fọlákẹ́ lóko, tó sọ fún un pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹsẹ̀ padà. Ọwọ́ padà. Ọ̀rọ̀ kò padà.

Ṣùgbọ́n ìkíni kò lọ rárá, ohun tó sì ń rú ará ilé àti ará òde lójú nìyẹn. Kí Bàbá Tíṣà, á kí ọ padà. Á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á ní Olúwa á ṣọ́ wa, ohùn rẹ̀ á sì já gaara. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dókítà máa ń ṣàlàyé pé ohun tí ẹnu ti sọ títí tó fi mọ́ ọn lára, ibòmíràn ló ń gbé nínú orí, àìsàn yìí kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ Bàbá, kò lè pe omi. Á dojú kọ àmù, á ní, "A dúpẹ́." Àwọn ọmọ rẹ̀ pè é láti Èkó, ó kí wọn, ó súre fún wọn. Wọ́n ní ara Bàbá ti yá, kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Lábísí, nìkan ni kò gbà.

"Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, 'ẹ káàbọ̀' ló ń kí i," ni Màmá sọ fún Dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá. "Ewúrẹ́ wọlé, 'ẹ káàbọ̀.' Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ yá nìyẹn?"

Fọlákẹ́ pàápàá, tó jẹ́ pé "ìwọ" ló ń pè é láti kékeré, ti di "ẹ̀yin" lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló jókòó láti wòran. Dókítà gbé ṣíbí sókè, ó béèrè pé kí ni. Bàbá wo ṣíbí. Ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ tí ì bá máa kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró tì í títí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi jáde. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó padà wá jókòó. Dókítà sọ fún un pé ó yé òun, pé kò ní sí àlejò kankan tí yóò rí i níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tì mọ́. Bàbá mi orí. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn ní gbogbo Ọjọ́rú. Oṣù mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n rí gbà padà: omi, rárá, iyọ̀, Lábísí.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn tó ń yẹ ẹ̀kọ́ yunifásítì wò dé láti Àbújá. Ẹni mẹ́ta, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ẹ̀ka náà dúró. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á pín akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì sí ibòmíràn, wọ́n á ti ilé ìtọ́jú pa, akólòlò Ìmẹ̀kọ á wá máa lọ sí Ìbàdàn, tàbí kó jókòó sílé kó dákẹ́.

Wọ́n wo ìwé, ìwé pé. Ó ku kí wọ́n fi ojú ara wọn rí aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú. Dókítà ti bá ìyá àwọn ọmọ méjì kan ní Ìmẹ̀kọ ṣàdéhùn pé kó mú wọn wá, akólòlò ni àwọn ọmọ náà, wọn kì í sì í tijú ẹnikẹ́ni. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá náà pè pé ọ̀nà ti di odò, pé ọlọ́kadà ti yí padà. Bàbá Tíṣà nìkan ló dé, torí Ọjọ́rú ni, àti torí kò pa Ọjọ́rú jẹ rí. Ó jókòó sínú yàrá ìtọ́jú, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí Dókítà tó mọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé. Ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

"A dúpẹ́, sà."

"Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Olúwa á ṣọ́ wa o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe àmín. Ó yíjú sí Dókítà, ó rọra béèrè pé aláìsàn dà. Dókítà ní bàbá yìí ni. Ó ṣàlàyé rọpárọsẹ̀, ó ṣàlàyé ìkíni, ó na fáìlì sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gba fáìlì.

"A ti dé ibi tí wọ́n ti háyà bàbá àgbà fún wa rí," ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀. "Tibẹ̀ yẹn tiẹ̀ ń wúkọ́."

Àwọn méjì yòókù dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan ti de ìdérí bírò rẹ̀. Lukman ń wo ilẹ̀.

Ìbéèrè kan péré ló kù tí yóò gba ẹ̀ka náà là. Dókítà mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ ohun tó ṣèlérí. Ó yẹ kí nǹkan méjèèjì bá ara wọn jà nínú rẹ̀, kó sì gbọ́ ariwo ìjà náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ láti yọ eyín: o mọ̀ pé wọ́n ń fà á. Ṣọ́ọ̀kì kan wà létí pátákó ìkọ̀wé. Òun ló sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ jù. Ó mú un. Ó jókòó síwájú Bàbá, ó gbé e sókè.

"Sà, kí lèyí?"

Bàbá kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn. Ó gbé ara sókè láti lọ tì í. Àwọn àlejò dí ẹnu ọ̀nà. Ó padà jókòó.

Ó wo ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó fi ọwọ́ dì mú láràárọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹnu rẹ̀ là. Dókítà ká ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ń ka ìka. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ètè Bàbá ń gbọ̀n. Mẹ́fà. Màmá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa ẹnu dé. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá.

"A dúpẹ́," ni Bàbá wí.

Bàbá tún gbìyànjú. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀.

"A . . . a dúpẹ́."

Ó na ọwọ́, ó gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ Dókítà, ó fi í sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sí ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó ń kọ̀wé bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n tilẹ̀ yin ilé ìtọ́jú náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Lukman ń sọ pé kí wọ́n wá kọ "Ilé Akólòlò" gàdàgbà sára géètì. Dókítà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi í sínú fáìlì. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Búrẹ́dì kò ní adùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí búrẹ́dì ti ní adùn gbẹ̀yìn.

Bàbá Tíṣà kò wá mọ́. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, Dókítà rò pé òjò ni. Ìkejì, Toheebat akọ̀wé pè é lórí fóònù. Bàbá kí Toheebat títí.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà, Dókítà wa mọ́tò lọ sí Ilobi, lórí ìka ẹsẹ̀. Ó bá Màmá Lábísí níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Dókítà kúnlẹ̀. Màmá ní kó dìde, kí ilẹ̀ má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

"Ìwé yín dé?"

"Ó dé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá."

"Ẹ kú oríire." Màmá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ. "Ta ni kí n bẹ̀? Kò bínú. Ó kàn ń ti ilẹ̀kùn ni. Gbogbo ilẹ̀kùn. Ti ilé ìdáná pàápàá, èéfín fẹ́ pa mí."

Ó mú un wọlé. Bàbá jókòó ní pálọ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ó rí Dókítà. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé dáadáa ni?"

Dókítà la ẹnu láti ní a dúpẹ́, sà. Kò jáde. Ó wá a. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, àná ló lò ó gbẹ̀yìn, ó lò ó tó ogún ìgbà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó ní òun dúpẹ́," ni Màmá wí.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí Màmá. Ó tọ́ka sí ìta. Màmá wo ọkọ rẹ̀, ó wo Dókítà, ó jáde. Bàbá dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó padà wá jókòó síwájú Fọlákẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Kò sí tábìlì láàárín wọn. Fọlákẹ́ rí i bí ìka àkọ́kọ́ ṣe ká wọlé, wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì tẹ̀ lé e. Gbogbo Ọjọ́rú wọ̀nyẹn, Bàbá ti ń rí ọwọ́ Fọlákẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Mẹ́rin. Márùn-ún. Bàbá kò wo ibòmíràn. Méje. Mẹ́jọ.

"Kò dáa, sà," ni Fọlákẹ́ wí.

Ìka méjì ṣì nà sílẹ̀. Bàbá kò sọ pé Olúwa á ṣọ́ wa. Ó jókòó tì í nínú òkùnkùn díẹ̀ tí ilẹ̀kùn fà, títí Màmá fi kan ilẹ̀kùn láti ìta, tó ń béèrè bóyá àlejò máa jẹun.