Ọmọ Edé Inú Àmù

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ẹni tí kò ṣẹ̀ tí wọ́n sì há mọ́lé han òun, Suara Dàwódù ni n óò tọ́ka sí. Èmi Job ni mo ṣọ́ géètì ilé yẹn ní Ìkẹjà GRA fún ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ ẹni tó ń jáde àti ẹni tí kì í jáde. Suara kì í jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni, wákàtí kan ààbọ̀, kó lọ kírun kó sì padà. Agege ni Màríàm ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá lè rìn dé kí ẹ̀wà tó jinná. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rí wọn.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Iṣẹ́ aṣọ ló ṣe ní Ìlúpéjú fún ọdún mọ́kànlá, kí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, tó dé tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ó wáṣẹ́ títí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹ tán. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fọlárìn Akínfẹ́nwá ló já sí, ẹni tó ni ilé tí mò ń ṣọ́, tó ní ilé iṣẹ́ ike ní Oregun, tó sì ń sin ẹja aláràbarà nínú àpótí gíláàsì, tó ń tà wọ́n fún àwọn olówó tó fẹ́ kí ẹja máa lúwẹ̀ẹ́ ní pálọ̀ wọn. Ẹja tí kò ṣeé fi jẹ ẹ̀bà, kí la fẹ́ fi ṣe? Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn wọ́n ju owó oṣù mi lọ.

Àwọn ẹja ńlá kò ní wàhálà. Àwọn ọmọ wọn ni ìyọnu. Ẹnu wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ohun tó bá sì ń mira nìkan ni wọ́n ń jẹ: ọmọ edé inú omi iyọ̀, tó kéré bí eruku. Inú agolo ni ẹyin edé náà ti máa ń ti òkè òkun wá. Suara á da díẹ̀ sínú ìgò omi iyọ̀, ẹ̀rọ á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á pa. Àtìgbà tí wọ́n bá ti pa ni ìdè Suara ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tí àwọn ọmọ edé náà bá wáyé ni wọ́n ń jẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tán lára wọn, wọn kò sì ṣe ọmọ ẹja lóore mọ́. Àfi kí èèyàn fi wọ́n síbi tó tutù. Òtútù á mú kí wọ́n sinmi, wọ́n á sì wà láàyè fún ọjọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí fíríìjì kan fi wà nílé náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi omi mímu sí.

Lọ́dún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀. Nẹ́pà mú iná lọ, a ò rí dísù ra fún jẹnẹrétọ̀, fíríìjì sì di kọ́bọ́ọ̀dù. Suara wá rántí ìyá rẹ̀. Ó ra àmù ẹlẹ́nu fífẹ̀ kan, ó rì í dé ìdajì sínú yanrìn tútù lẹ́yìn bọ́ìskọ́tà, lábẹ́ igi máńgòrò, ó da omi iyọ̀ àtàwọn ọmọ edé sínú rẹ̀, ó fi ìdérí dé e. Ó ń fi ṣíbí igi rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí wọ́n lè rí èémí.

Ó ní, "Job, bí omi bá ń tutù nínú àmù ìyá mi, kí ló fẹ́ dí edé lọ́wọ́?"

Wọ́n sì yè títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ronú kàn án.

Àmù yẹn ni Suara gbójú lé, torí pé Nusrat, àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ so yìgì ní Agege, ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá ló ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ níwájú àáfà. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, "Ìbàdàn ni mò ń lọ, Sọ́ńdè ni mo máa dé. Oníbàárà ti sanwó àwọn ọmọ ẹja yẹn o. Tó o bá lè tọ́jú oúnjẹ wọn sílẹ̀, máa lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kú, má jẹ́ kí n bá ẹ nílé."

Suara da ẹyin edé tó pọ̀ sómi, wọ́n sì pa. Láàárọ̀ Jímọ̀ ó dà wọ́n sínú àmù, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa bu wọ́n fún ẹja tí òun bá lọ. Ẹyin tó kù nínú agolo kò kún ṣíbí tíì. Ó lọ kírun, ó ń kọrin lọ. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Àǹtí Bàrákàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbé agbádá tí wọ́n rán fún un dé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn ilé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin yìí, ta ló rí wọn kí wọ́n jókòó sójú kan? Iyọ̀ ti ń jò gba ara àmù náà, ó ti funfun bí ohun tó bu. Obìnrin wo ló máa rí àmù ẹlẹ́gbin lọ́dọ̀ bàbá ìyàwó, tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, tó máa gbójú fò ó?

Wọ́n pè mí: "Bàbá géètì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi díẹ̀."

Àkókò Jímọ̀ ni. Mo rò pé àlùwàlá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé garawa omi méjì fún wọn. Mo tún ní, "Ẹ má gbàgbé wa nínú àdúà o," mo sì padà síbi géètì.

Ìgbà tí Suara dé, Àǹtí Bàrákàt ti lọ. Àmù ń dán, wọ́n ti fi eérú àti kànìnkànìn bó o, omi mímu tó mọ́ lóló kún inú rẹ̀, ife sì dojú dé lórí ìdérí. Ilẹ̀ ti fa edé mu.

"Job, ta ló bomi fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní èmi ni. Ó jókòó sórí yanrìn. Mo ní kó da ẹyin tó kù sómi, pé màá dúró tì í títí á fi padà lọ́la. Kò sí iná tó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ni èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi fẹ́ ẹ.

Ó ní, "Tí eléyìí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn. Ìwọ lo sì gbé omi."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ìbá sàn fún mi.

Ó bẹ dírẹ́bà ilé kejì kó bá òun sọ ní Agege pé Ọ̀gá kò jẹ́ kí òun wá, kí Kazeem àbúrò òun dúró fún òun. Irọ́ ni. Ṣé kó wá ní ẹ̀gbọ́n òun ló da edé òun nù ni? Ó fún àwọn ọmọ ẹja ní pupa ẹyin adìyẹ díẹ̀ tó fi aṣọ sẹ́, bóyá ebi á mú kí wọ́n tọ́ ohun tí kò mira wò, ó sì di pọ́ǹpù mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù ní Sátidé, ó wọ agbádá náà, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn lọ. Ojú ń tì mí láti wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹyin edé pa. Ìgbà náà gan-an ni Nusrat dé pẹ̀lú Àǹtí Bàrákàt, tòun ti aṣọ ìyàwó lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀, Suara fi ọwọ́ tó rin fún omi iyọ̀ lé e lórí, ó sì ṣàdúrà.

Nusrat ní, "Bàbá mi, kí lẹ ń ṣọ́ níbí tí wọn ò fi jẹ́ kẹ́ ẹ wá?"

Ó gbé ìgò náà sókè fún un. Ọmọ náà wò ó títí.

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá mi."

"Wọ́n wà níbẹ̀," ni Suara wí.

Òùngbẹ ń gbẹ Nusrat. Ó ṣí àmù, ó bu omi mu. Ó ní omi náà tutù, àmọ́ ó jọ pé iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àǹtí Bàrákàt rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe bó o tó! Àbí o ò rí i, Suara? Ìdọ̀tí ti fẹ́ jẹ àmù ẹ tán."

Mo gbójú sí ibi géètì. Mo gbọ́ tí Suara ní, "Mo rí i. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."