Ìpara Tó Wà Lẹ́yìn Ọwọ́ Bàbá Mi

Kò sí agolo tàbí ìgò tó ń wọ yàrá wa méjèèjì ní Ajégúnlẹ̀ tí bàbá mi kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Akọ̀wé ẹrù ni wọ́n ní èbúté Àpápá. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, àmì ara àpótí àti àgbá ni wọ́n ń kà, bí wọ́n bá sì délé, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró. Wọn á gbé ìgò ìpara sún mọ́ fèrèsé, wọn á máa kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ilé wá.

"Gílísírìn rèé. Omi ló ń fà. Ẹ bomi sí i kí ẹ tó fi para, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi ara yín ló máa fà. Fasilíìnì ní tiẹ̀, ó kàn ń bo ara lásán ni."

Ìyá mi, tó ń po òrí mọ́ àdí àgbọn tí wọ́n ń tà ní Malu Road, á gbé igbá wọn síwájú. "Tèmi ńkọ́? Ẹ kà á fún wa."

Bàbá mi á yí igbá náà po. "Wọn ò kọ nǹkan kan sí i."

"Òrí ni. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ sí i?"

Bàbá mi á wá gbà pé òrí ń mú ara rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọyẹ́ là wá létè. Mi ò tíì rí tọkọtaya tí àríyànjiyàn dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni òrí ń rùn sí. Ọdún kejì lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, mo ríṣẹ́ taipíìsì ní Àpápá, mo sì fẹ́ pupa bí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo ra ìpara kan ní Amukoko, mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, inú mi dùn, òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi rí ìgò náà. Wọ́n kà á dé ibì kan, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Mákúrì. Ọmọ mi, bí mákúrì bá balẹ̀ ní wáàfù, agbárí, àmì májèlé, ni wọ́n ń yà sí i lára. A kì í fọwọ́ lásán kàn án."

Ẹnu mi kò gbé jẹ́ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tíì lò ó rí, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo ti ń retí ìgbájú. Wọ́n ṣí ìgò náà, wọ́n fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ òsì wọn. "Bó bá dára fún ojú ọmọ mi, á dára fún ọwọ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ìpara wa dà?" Mo ń gbé e fún wọn, mo rò pé yóò sú wọn. Orí kunkun ni mo ní, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti jogún rẹ̀. Ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn ọwọ́ wọn pọ́n, ó ń bó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tún na ọwọ́ náà sí mi, mo rí i pé ó ń ta wọ́n, síbẹ̀ wọn kò fà á sẹ́yìn. Mo bú sẹ́kún. Mo da ìpara náà sí gọ́tà.

"Ojú ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Mo ti fi ojú mi sílẹ̀, sà."

Ìyá mi gbé igbá wọn wá, wọ́n fi òrí pa mí lójú, wọ́n fi pa bàbá mi lọ́wọ́, wọ́n ń kùn: "Olóríkunkun méjì ni Ọlọ́run kó fún èmi nìkan."

Kí ọyẹ́ tó dé, ojú mi ti padà dúdú. Ọwọ́ bàbá mi kò padà. Àmì funfun kan tó tó kọ́bọ̀ wà níbẹ̀ títí.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí a ń múra fún bàbá mi fún ìsìnkú, èmi ni mo fi òrí pa wọ́n lára. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, mi ò lè kọjá. Mo fi òrí pa á, mo tún fi pa á, títí ìyá mi fi di ọwọ́ mi mú.

"Ó tó," ni wọ́n ní. "Òrí náà ti wọ inú ara wọn."