Àmín Tí A Ṣe Lórí Àwo Àdàkọ

Òórùn màkà dúdú ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú bí mo bá rántí ìgbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Johannesburg, lọ́dún tó ṣáájú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ gbogbo títì láti tún un ṣe. Màkà yẹn ni mo fi ń kọ orúkọ orin sójú àwo funfun. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ti yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì, níbẹ̀ ni mo sì ti ń wa orin olórin jáde láìsanwó. N óò dà á kọ sínú àwo, n óò kó àwọn àwo sínú báàgì, n óò wọ tákísí lọ sí ìjọ wa ní Newtown, kí n máa pín in bí ẹni ń pín ẹ̀bùn Kérésì. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti kà á nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé pé ogún gbogbo ayé ni ìmọ̀ àti orin, mo sì ti fi ojú ewé mẹ́rìnlá ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ mi. Olè tó kàwé kì í pe ara rẹ̀ lólè. Á ní òun ń ṣe ìwádìí.

Àwo kan wà tí ìjọ wa fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwo àkọ́kọ́ obìnrin olórin ẹ̀mí kan láti Iléṣà. Orin rẹ̀ máa ń mú kí àwọn àgbàlagbà tó ti pẹ́ nílẹ̀ àjèjì sunkún bí ọmọ ọwọ́. Láti Soweto dé Alexandra, n kò mọ ilé Yorùbá kan tí àwo náà kò sí, kò sì sí ọ̀kan tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ ojú rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ wa kéde pé òun ti pe olórin náà wá, inú wa dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Obìnrin náà dé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Páálí méjì tí àwo kún inú wọn ló gbé wá dípò aṣọ. Ó sọ fún wa láti orí pẹpẹ pé orin mẹ́jọ tuntun ti wà nínú òun, pé ohun tí òun bá rí tà lọ́dọ̀ wa lòun ó fi wọ sítúdíò. Bí kò bá sí i, máṣínì ìránṣọ òun ló kù. A kígbe halelúyà. Ó kọrin, a bá a kọ ọ́. A tilẹ̀ mọ ibi tó ti ń mí.

Ni pásítọ̀ wa, tó ti fi odidi oṣù kan wàásù lórí olè jíjà, bá dìde. "Ẹni tí orin yìí ti bùkún fún, kó gbé àwo tirẹ̀ sókè, kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run gbàdúrà sí i!"

Àwo funfun gòkè bí ọ̀wọ́ lékèélékèé. Kò sí ọ̀kan tó ní àwòrán olórin náà lójú.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀kan wò, ó gba òmíràn. "Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo èyí," ló wí.

Ìyá Ìjọ fò dìde tayọ̀tayọ̀. "Ọmọ wa ni, Màmí! Ọmọ yunifásítì ni! Òun ló ń bá wa fà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dìde jàre, kí wọ́n rí ẹ!"

Mo dìde. Kí n má parọ́, mo tún táì mi ṣe kí n tó dọ̀bálẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. "Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, mà," ni mo wí.

"Èmi náà ò gbà," ló dáhùn.

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Olùdarí akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ló kùn sí mi létí pé, "Eish, ọ̀gá, Màmí ti bínú o."

Olórin náà gbé ọwọ́ sókè. "Olúwa, bí mo ṣe jẹ lára iṣẹ́ ọwọ́ mi níbí yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí àwọn wọ̀nyí máa jẹ lára iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn."

"Àmín!" ni a bú sí i. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀mejì sí i, a ṣe àmín títí òrùlé fi ń gbọ̀n. Èmi tí mo kàwé jù níbẹ̀ ni mo pariwo jù. Inú tákísí ni mo wà, a dúró de iná robot tó ń darí ọkọ̀, kí àdúrà náà tó yé mi. Kò jẹ kọ́bọ̀ kan lára iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Páálí méjèèjì bá a padà sí Iléṣà. Ìyá Ìjọ ní ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, kí ló wá dé tí orin ìgbàlà ò ní jẹ́ ọ̀fẹ́? Ìyá Ìjọ yìí kan náà ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́yìn ìsìn, n kò sì rí i kó fi ìrù ẹja kan ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ rí. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn. Bí a bá wọ oko olóko wu iṣu, gbogbo wa la mọ orúkọ tí a ó pè é. Bí ó bá di orin, a ó ní afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo gorí àjà, odidi ìjọ ló na ọwọ́ gbà á, tí a sì tún ní kí ẹni tó ni epo wá súre fún wa.

Mo gbọ́ pé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni olórin náà ń rán báyìí. Àwọn tó ń ra fóònù olówó gọbọi ṣì máa ń bi mí níbi tí wọ́n ti lè rí orin lọ́fẹ̀ẹ́, n óò sì ní kí wọ́n lọ rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí olórin ti ń tà á, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì. Èmi ti ra àwo àkọ́kọ́ olórin Iléṣà yẹn níbẹ̀. Mo ṣì máa ń padà lọ tẹ orúkọ rẹ̀, kí n wá èkejì. Káàdì wà lọ́wọ́ mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ń sáré, ibi ìsanwó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Orin mẹ́jọ náà ni kò sí.