Ìwé Tí Ìyá Àgbà Kọ̀ Láti Tẹ̀ka Sí

Ní gbogbo Ìkòsí títí dé Kétu, kò sí ọ̀dọ́ tó mọ̀wé kọ bíi tèmi. Òótọ́ ni pé Sitáńdàádì Fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n tíṣà ló ń falẹ̀ jù fún mi. Lẹ́tà ìfẹ́ o, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ o, èmi ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí Bàbá àgbà, tó bí bàbá mi, fi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá pé kí n mú gègé àti tàdáwà wá.

"Wíìlì ni mo fẹ́ kọ," ni wọ́n wí. "Kí n ti pín ohun tí mo ní kí n tó kú."

Ilé tí à ń gbé, Bàbá àgbà ló fowó ara wọn ra ilẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí, torí náà wọ́n lè fún ẹni tó bá wù wọ́n. Ẹni tó sì wà lọ́kàn wọn jù ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe tọkọtaya mọ́ o. Kí wọ́n tó bí mi ni Bàbá àgbà ti pa ewúrẹ́ Ìyá àgbà fún àlejò láì bèèrè. Ìyá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n dá owó orí padà, Bàbá àgbà gbà á, adájọ́ ní ó parí, ni Ìyá àgbà bá padà sí Agboyi, sílé bàbá wọn. Nígbà tí màmá mi bí mi, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti máa wẹ̀ mí. Mo rìn, mo sáré, mo gun kẹ̀kẹ́, Ìyá àgbà ò tíì lọ. Yàrá iwájú ni wọ́n wà, wọ́n ń ta ẹja yíyan lójú fèrèsé. Bí ẹnìkan bá ní wọ́n ti padà sílé ọkọ, wọ́n á ní, "Ọkọ wo? Ọmọ ni mo wá wẹ̀."

Tí Bàbá àgbà bá wá kú ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Opó ṣì lè máa gbé ilé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ ní kóòtù, kí ló fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá pín ilé ní ìdí-igi, tí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, yàrá ẹ̀yìn lè kan bàbá mi, kí iwájú kan Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyàwó kejì. Bàbá kékeré sì ti ń wo yàrá yẹn tipẹ́. Wọ́n ní ó máa dára fún ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Mo bá kọ ọ́. Yàrá iwájú fún Ìyá àgbà, àárín fún bàbá mi, ẹ̀yìn fún Bàbá kékeré, kẹ̀kẹ́ ológeere fún èmi alára. Mo fi gírámà ńlá mẹ́ta sí i. Mi ò mọ ìtumọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dùn-ún gbọ́.

Ó wá ku ìtẹ̀ka. Nílé wa, tí ẹbí bá ta ilẹ̀, ẹni tí kò tẹ̀ka sí ìwé kò ní jẹ níbẹ̀. Bàbá àgbà kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ni gbogbo wa bá rọ́ lu ìwé. Bàbá kékeré tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kọ orúkọ mi gàdàgbà bí orí màlúù.

"Ìyá, ẹ wá tẹ̀ka, kí yàrá yín má baà lọ," ni mo ké sí Ìyá àgbà.

"Mo ti yọwọ́ lọ́rọ̀ ọkùnrin yìí ní kóòtù," ni Ìyá àgbà fèsì. "Mi ò ní ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Kúrò níbẹ̀, ẹja mi ń jóná."

Bàbá àgbà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ̀. Ni èmi, Bàbá àgbà, bàbá mi àti Bàbá kékeré bá gbé ìwé lọ bá lọ́yà kan l'Ékòó. Lọ́yà kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo gbáyà síwájú. "Èmi ni, sà."

"Ẹni tó bá tẹ̀ka bẹ́ẹ̀ sábẹ́ wíìlì, ẹlẹ́rìí ni. Òfin ò sì gbà kí ẹlẹ́rìí jẹ nínú ohun tó jẹ́rìí sí." Ó ń fìka tọ orúkọ wa. "Ìwọ, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin bọ̀dá méjì yìí, kò sí yàrá. Bàbá, ìyá wo ni kò tẹ̀ka yìí?"

"Ìyàwó mi àtijọ́ ni."

"Tiwọn nìkan ló dúró."

Ẹ ò rí bí Ìyá àgbà ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí a délé! Gèlè wọn bọ́ sínú ẹja. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni wọ́n ń wí.

"Ká kọ òmíràn," ni Bàbá kékeré ń pariwo.

"Lọ́yà á kọ òmíràn," ni Bàbá àgbà dáhùn. "Yàrá iwájú ló máa kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá tẹ̀ka."

Wéré ni Bàbá kékeré ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Òní ni lọ́yà ń bọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní jẹ nǹkan kan la nílò, apẹja méjì l'Ágboyi sì ti gbà. Èmi ló yẹ kí n lọ kó wọn wá láti àárọ̀. Ìyá àgbà ti ń bú mi láti ojú fèrèsé wọn pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Mo ń lọ o.